Ọlọ́pàá Tí Kò Ní Ìbòjú

Ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ọkùnrin méjì wọ ìlú Gotham. Ọ̀kan bá rélùwéè dé, èkejì bá bàálù dé. James Gordon ló wọ rélùwéè. Ọlọ́pàá ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá síbẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe ń yọjú lójú fèrèsé, tó ń rí ìdọ̀tí àti ilé tó ti ń wó, ó pinnu lọ́kàn pé iyekíye tó bá máa ná òun, bàálù ni ìyàwó òun yóò wọ̀, nítorí ẹni tó bá wà lókè, títì àti òrùlé nìkan ló máa rí, á sì rò pé ìlú gidi ni òun ń wọ̀. Lókè lọ́hùn-ún, Bruce Wayne, ọmọ olówó tó ti kúrò nílé láti ọdún 12, ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi: rélùwéè ló yẹ kí òun wọ̀, kí òun lè rí ọ̀tá nítòsí.

Ẹ wo bí owó ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní ń wá owó bàálù. Ẹni tó ní, rélùwéè ló ń wù ú.

Batman: Year One ni orúkọ ìwé náà. Frank Miller kọ ọ́, David Mazzucchelli ya àwòrán rẹ̀, iléeṣẹ́ DC Comics nílùú New York sì gbé e jáde ní apá mẹ́rin láti oṣù Èrèlè sí oṣù Èbìbí ọdún 1987, nínú ìwé àwòrán Batman, nọ́ńbà 404 sí 407. Ẹni tó bá ti ka Atọ́ka rí láyé ọjọ́un mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn, àwòrán tẹ̀lé àwòrán, ọ̀rọ̀ wà nínú àpótí kéékèèké. Kìkì pé fọ́tò àwọn òṣèré ni Atọ́ka fi ń sọ ìtàn tirẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń pe ìwé Miller ni ìtàn bí Bruce Wayne ṣe di Batman. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọlọ́pàá kan ni, tó ń gba owó oṣù, tó níyàwó nílé, tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn tó ti sọ iṣẹ́ náà dòwò. Ẹni tó wọ aṣọ àdán yẹn kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Gordon kì í ṣe àlejò nínú ìtàn Batman. Ọjọ́ tí Bill Finger àti Bob Kane kọ́kọ́ gbé Batman jáde, nínú Detective Comics nọ́ńbà 27 lọ́dún 1939, Gordon ti wà níbẹ̀ nípò kọmíṣọ́nnà, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bruce Wayne jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Fún nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tan iná àdán sójú ọ̀run lọ, kó sì máa yanu wo ẹni tó bá dé. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 1966, tẹlifóònù pupa ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé, irú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wo gan-an ló ń dúró de ọkùnrin aláṣọ àdán kó wá bá a mú olè?

Wọn ò lè bi í náà ni, òfin ò gbà. Lọ́dún 1954, oníṣègùn ọpọlọ kan, Fredric Wertham, kọ ìwé pé ìwé àwòrán ló ń ba àwọn ọmọ Amẹ́ríkà jẹ́. Ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà pe àwọn atẹ̀wé wá wí tẹnu wọn. Ẹ̀rù ba àwọn atẹ̀wé pé ìjọba á ká àwọn lọ́wọ́ kò, ni wọ́n bá yára ṣe òfin fún ara wọn, tí wọ́n pè ní Comics Code, wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ síwájú ìwé. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ọlọ́pàá, adájọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́nà tí òǹkàwé yóò fi máa fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn aláṣẹ. Ọdún 1971 ni wọ́n tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: èèyàn lè ya ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ sófin, bó bá ti jẹ́ kó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì, tí ọlọ́pàá ọ̀hún sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọlọ́pàá burúkú lè wà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá burúkú ni kò gbọdọ̀ sí. Miller dojú èyí bolẹ̀ pátápátá. Ní Gotham tirẹ̀, olóòótọ́ ló ṣàjèjì.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Flass ló wá pàdé Gordon níbùdókọ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ọlọ́yàyà ni, ó mọ àwàdà. Kò pẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn tó fi lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan lálùbolẹ̀ lójú pópó láìnídìí, Gordon sì dúró, kò wí nǹkan kan, ó ń wo bó ṣe ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó ń kọ́ ọ sórí. Lókè Flass ni Kọmíṣọ́nnà Loeb wà. Lẹ́yìn Loeb ni Carmine Falcone wà, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní Ará Róòmù. Branden ni olórí ikọ̀ agbébọn àwọn ọlọ́pàá, èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn. Gordon kọ̀, kò bá wọn jẹ. Kò ṣe ìwàásù, kò kọ̀wé ẹ̀sùn. Ó kàn ń kọ̀ ni. Ìyẹn nìkan sì ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀, nítorí níbi tí gbogbo ọwọ́ bá ti wà nínú àwo, ẹni tó káwọ́ gbera ni ọ̀tá ilé.

Àwọn ará New York tó ra ìwé náà lọ́dún 1987 ò lè sọ pé àsọdùn ni. Ọjọ́ 25 oṣù Igbe ọdún 1970 ni ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí tí ọlọ́pàá méjì, Frank Serpico àti David Durk, ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá wọn látọjọ́ pípẹ́ wá tí ẹnikẹ́ni ò kà sí: pé àwọn ọlọ́pàá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ àti oníṣòwò, pé owó oṣù kejì ni, ó lọ́jọ́ tó ń wọlé, ó ní bí wọ́n ṣe ń pín in. Méyọ̀ John Lindsay gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí Whitman Knapp ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ lọ́dún 1972, wọ́n pín àwọn tó ń gba ẹ̀gúnjẹ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ni ajẹran, àwọn yẹn ń dọdẹ owó kiri. Àwọn yòókù ni ajẹko: wọn ò wá a lọ, ṣùgbọ́n èyí tó bá já bọ́ síwájú wọn, wọn ò ní fi sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Knapp ní àwọn ajẹko ló pọ̀ jù, àwọn gan-an sì ni ìṣòro, nítorí pípọ̀ wọn ló sọ owó náà di ohun tójú ò tì wọ́n láti gbà. Kí ìwádìí yẹn tó parí, lọ́jọ́ 3 oṣù Èrèlè ọdún 1971, wọ́n yìnbọn lu Serpico lójú nígbà tí òun àti ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mú olóògùn olóró ní Brooklyn. Kò kú. Lọ́dún 1986, ní Brooklyn kan náà, wọ́n tún mú àwọn ọlọ́pàá àgọ́ 77 pé wọ́n ń jí oògùn olóró gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, wọ́n sì ń tún un tà. Year One jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ajẹran ni Flass. Àwọn tó dẹ́rù bà mí jù nínú ìwé náà ni àwọn ajẹko, àwọn tí Mazzucchelli yà sẹ́yìn láì fún wọn lórúkọ, tí wọ́n wà nínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń mu kọfí, tí wọ́n mọ ohun gbogbo.

Nígbà tí wọ́n rí i pé Gordon ò gbọ́, wọ́n dènà dè é níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, wọ́n fi igi lù ú. Flass wà lára wọn, ó sì dárúkọ ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sí i létí. Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n máa pa á ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ilé rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Bí Gordon ṣe gbádùn díẹ̀, ó ṣọ́ Flass lóru níbi tó ti ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ fàájì, ó tì í kúrò lójú títì nínú yìnyín. Ó mọ̀ pé Flass ti kọ́ ìjà àwọn ọmọ ogun àkànṣe, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ ju igi kan sí i kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjà náà lè dọ́gba. Ó lù ú, ó bọ́ ọ síhòòhò, ó dè é mọ́lẹ̀ nínú òtútù, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé Flass ò ní fẹjọ́ sùn. Ta ló máa fẹjọ́ sùn?

Àwọn òǹkàwé máa ń patẹ́wọ́ níbí yìí. Èmi náà patẹ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ṣì kéré nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí Gordon sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ìjà yẹn kò dùn mọ́ni rárá: ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Flass pé ó ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọlọ́pàá ní Gotham han òun. Olóòótọ́ ti kọ́ èdè ìlú náà. Miller ò yọ̀ lórí rẹ̀, kò sì bínú sí i. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó kàn.

Ohun tó gba Gordon lọ́wọ́ ìyọlẹ́nu lẹ́yìn náà kì í ṣe agbára apá. Ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ò pé mú àwọn ọmọdé pamọ́ sínú ilé, ikọ̀ Branden sì ti múra láti rọ̀jò ìbọn sórí gbogbo wọn. Gordon dá wọn dúró, ó wọlé lọ bá a fúnra rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ náà jáde láàyè. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e pọ̀n. Láti ọjọ́ náà, Loeb ò lè lé e lọ mọ́, nítorí aráàlú ti mọ orúkọ rẹ̀. Irú ọgbọ́n báyìí ló mú kí n fẹ́ràn ìwé náà ju ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀daràn tí kò ní àwòrán lọ. Ó mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń rìn. Ó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ lé olóòótọ́ dànù á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń wò wá.

Bruce Wayne wá ńkọ́? Òun náà ní ìrora tirẹ̀; wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde, kò wọ aṣọ àdán. Ó lẹ àpá ẹ̀tàn mọ́ ojú, ó lọ sí àdúgbò àwọn aṣẹ́wó, ó bá alágbàtà wọn jà, ọmọbìnrin kékeré kan gún un lọ́bẹ lẹ́sẹ̀, ọlọ́pàá tún yìnbọn lù ú. Ó fi ẹ̀jẹ̀ dé ilé ńlá bàbá rẹ̀, ó jókòó nínú òkùnkùn. Àdán kan fọ́ fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe rí fún un: ó ní ilé tó tóbi tó láti fara pamọ́ sí, ó ní Alfred tó ń tọ́jú ilé, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọgbẹ́. Nígbà tí Gordon wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, pé ṣé òun kọ́ ni Batman, ó ṣe bí ọ̀mùtí, ó fọwọ́ kọ́ obìnrin kan lọ́rùn, ó sọ ìsọkúsọ. Aláṣejù olówó, kí ni ọlọ́pàá fẹ́ bá a fà? Ọrọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìbòjú àkọ́kọ́. Ti aláwọ̀ dúdú tó ní etí méjì yẹn kàn lé e lórí ni.

Nǹkan kan wà tó ṣe tó dáa gidigidi. Àwọn àgbà ìlú kóra jọ síbi àsè kan, Loeb wà níbẹ̀, Falcone wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣòfin àti àwọn tó ń rú u jókòó sídìí tábìlì kan náà. Iná kú. Ògiri fọ́. Batman dúró nínú èéfín, ó sọ fún wọn pé wọ́n ti jẹun yó nínú ìlú yìí, àsè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tọ́kàn rẹ̀ yóò balẹ̀ mọ́ láti òní lọ. Oúnjẹ ni gbogbo ìran yẹn dá lé. Àwòrán Mazzucchelli jẹ́ kó o rí ẹnu tó ń jẹ, ìka tó di gíláàsì mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sanra. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó kíyè sí i pé Gordon kò sí níbi àsè náà. Wọn ò pè é. Wayne lè bá wọn jókòó sídìí tábìlì yẹn nígbàkígbà tó bá wù ú.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ ìlú nítorí ìtìjú alẹ́ yẹn pọ̀. Loeb, tí kò ka Batman sí tẹ́lẹ̀, wá bínú. Nígbà tí wọ́n lé Batman wọ ilé ahoro kan tí àwọn aláìnílé ń sùn sí, ó pàṣẹ kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí i láti òkè, láì bìkítà fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Branden àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé lọ parí iṣẹ́. Apá kẹta ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ogun nìkan, mo sì mọ àwọn tó gbà pé ibẹ̀ ló dùn jù. Mo máa ń sáré kà á ni.

Ọwọ́ ayàwòrán ló mú kí gbogbo rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Lọ́dún kan ṣáájú, Miller àti Mazzucchelli ti jọ ṣe Born Again fún Daredevil níléeṣẹ́ Marvel, Miller sì ti ṣe The Dark Knight Returns tirẹ̀, níbi tí Batman ti dàgbà, tó di òmìrán, tí ohun gbogbo pariwo. Year One ò pariwo. Ìlà dúdú tó nípọn, òjìji tó bo ìdajì ojú, ènìyàn tí aṣọ rẹ̀ rún. Gordon ní àpò lábẹ́ ojú. Batman gan-an, aṣọ ni ó wọ̀, o rí ibi tí aṣọ náà ti ká. Richmond Lewis, ìyàwó Mazzucchelli, ló kun àwọ̀ rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kùn nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ di ìwé kan lọ́dún 1988, nítorí bébà rẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò lo pupa àti búlúù títàn tí a mọ̀ mọ́ àwọn alágbára inú ìwé àwòrán. Yẹ́lò iná yàrá, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú ló pọ̀. Todd Klein tó kọ lẹ́tà inú rẹ̀ fún ọkùnrin méjèèjì ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti Wayne tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi ti ọmọ iléèwé olówó, débi pé o ò nílò kí wọ́n sọ fún ọ ẹni tó ń rò ó lọ́kàn.

Ibi tí ìwé náà ti wúwo jù lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ Sarah Essen. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, wọ́n fi òun àti Gordon síṣẹ́ kan náà láti mú Batman. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n jọ ń mu kọfí nílé oúnjẹ kan tí Mazzucchelli yà láti inú Nighthawks, àwòrán tí Edward Hopper kùn lọ́dún 1942. Ìyàwó Gordon wà nílé, oyún ti wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Gordon fúnra rẹ̀ ló fòpin sí i, Essen sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Loeb ti ní fọ́tò wọn.

Ẹ rí i, owó ò mú un. Igi ò mú un. Ẹ̀rù ò mú un. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mú un, ẹ̀ṣẹ̀ tó dá fúnra rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó tì í sí i. Ohun tí Loeb ń bèèrè náà ò pọ̀: kó kàn ṣíwọ́ lára ẹjọ́ Flass, ẹni tí Skeevers, olóògùn olóró kan, ti ń dárúkọ. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti jẹ́ kí Batman lọ jí fọ́tò náà lóru. Miller jẹ́ kí Gordon sọ fún ìyàwó rẹ̀, Barbara. Lọ́jọ́ tí tọkọtaya náà kúrò nílé Wayne, níbi tí Wayne ti ń ṣe bí ọ̀mùtí, Gordon dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé. A ò gbọ́ ohun tí Barbara sọ. Fọ́tò Loeb di bébà lásán lọ́jọ́ náà, owó tí Gordon sì fi rà á padà, inú ilé tirẹ̀ ló ti yọ ọ́.

Ẹjọ́ Flass wá ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Bí Skeevers ṣe sọ̀rọ̀, Flass náà bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Loeb kó má baà rù ú nìkan. Falcone rán ọmọ ìyekan rẹ̀, Johnny Viti, pé kó lọ gbé ọmọ Gordon tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìjà parí sórí afárá. Ọmọ ìkókó náà já bọ́, Wayne, tí kò wọ aṣọ àdán, tí ojú rẹ̀ wà ní gbangba, bẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì gbà á mú. Wọ́n wá dojú kọ ara wọn létí omi, ọlọ́pàá àti ọ̀daràn tí ìjọba ń wá. Ìgò ojú Gordon ti sọnù. Ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran láìsí i, ó sì ní kó máa lọ, àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìgbà tí Gordon purọ́ nínú ìwé náà nìyẹn, irọ́ náà sì mọ́ tónítóní. Síbẹ̀ mo ní àríwísí. Ọmọ ìkókó lórí afárá, ọgbọ́n sinimá ni. Ìwé tó ti fi ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì àti ọ̀rọ̀ ilé dẹ́rù bani látìbẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó sá lọ síbẹ̀. Barbara, tí gbogbo ìhalẹ̀ dá lé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Selina Kyle, aṣẹ́wó tó di Catwoman, wọlé pẹ̀lú agbára, ó jí ẹrù Loeb, ó fi èékánná ha Falcone lójú, lẹ́yìn náà ìtàn rẹ̀ kàn dáwọ́ dúró. Obìnrin nínú ìwé yìí jẹ́ aṣẹ́wó, ìyàwó ilé, tàbí àlè. Essen nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ènìyàn, òun náà sì kúrò nílùú.

Ohun tí mo dárí gbogbo ìyẹn jì í fún ni ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀pẹ̀ ni. Loeb ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n ti sọ Gordon di kápúténì. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò Loeb, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Grogan, burú ju Loeb lọ. Ọ̀rọ̀ bíntín ni Gordon fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, nígbà tó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí òrùlé. Ọdún kan gbáko, egungun tó ṣẹ́, ìgbéyàwó tó mì, ilé tí bọ́ǹbù jó, gbogbo rẹ̀ mú ọ̀gá kan lọ, ó sì mú èyí tó burú jù ú lọ wá.

Ìbéèrè tí ojú ewé yẹn fi sílẹ̀ ni Ed Brubaker àti Greg Rucka gbé dáhùn nínú Gotham Central, tó jáde láti ọdún 2003 sí 2006, nọ́ńbà 40 gbáko, tí Michael Lark ya ọ̀pọ̀ rẹ̀. Batman kì í sábàá yọjú nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì wọn, owó oṣù wọn àti ìkórìíra tí wọ́n ní sí aláṣọ àdán tó máa ń wá parí ẹjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe lọ́sẹ̀ mélòó kan. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù sì ń sá eré kí wọ́n lè mú ẹni tó pa á kí ilẹ̀ tó ṣú, kí Batman má baà dé. Iná àdán orí òrùlé wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ gbà lójú òfin pé àwọn ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà ọmọbìnrin akọ̀wé kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá, Stacy, ni wọ́n máa ń rán pé kó lọ tan án. Mi ò tíì rí àwòrán ìjọba tó péye tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé alágbára kankan: gbogbo wọn mọ̀, gbogbo wọn ń lò ó, ẹni tó kéré jù ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

Ajẹran ti Gotham Central ni Jim Corrigan, tó ń kó ẹ̀rí níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, tó sì ń tà á fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ohun ìrántí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Crispus Allen ń tọ pinpin rẹ̀. Corrigan pa á. Renee Montoya, tó ń bá Allen ṣiṣẹ́, mọ ẹni tó ṣe é, kò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nílé ẹjọ́. Kò sí afárá níbẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ́ sódò. Montoya ká Corrigan mọ́lé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, kò lè yìn ín, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nínú ogún tí Year One fi sílẹ̀, èyí ni mo rò pé ó jogún egungun rẹ̀.

Àwọn onísinimá jogún aṣọ rẹ̀. Batman Begins ti ọdún 2005 mú Flass, Loeb àti Falcone jáde látinú ìwé Miller, ó sì fi Gordon jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Flass tó ń gba ẹ̀gúnjẹ, ṣùgbọ́n ìtàn Wayne ni látòkè délẹ̀. Fíìmù àfọwọ́yà ti ọdún 2011, níbi tí Bryan Cranston ti sọ ọ̀rọ̀ Gordon, tẹ̀ lé ìwé náà fínnífínní, ó sì jẹ́ kí Gordon gba àyè tó tọ́ sí i. The Batman ti Matt Reeves lọ́dún 2022 ló bèèrè ohun tí Miller ò bèèrè. Owó ńlá tí bàbá Wayne yà sọ́tọ̀ láti fi tún ìlú ṣe ni Falcone àti àwọn aláṣẹ ń fà mu fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, méyọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò ìjọba, gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń bójú tó o, nítorí ajogún rẹ̀ ń fi òru lu àwọn ọmọ ìta. Mo dìde jókòó dáadáa nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Ọmọ olówó tí kò ka ìwé ìṣirò owó tirẹ̀!

Gordon wà nínú fíìmù yẹn náà, Jeffrey Wright ló ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ó ń bá Batman rìn wọ ibi tí wọ́n ti pa èèyàn, ó ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kórìíra rẹ̀. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ní gbogbo wákàtí mẹ́ta ọ̀hún, wọn ò fi ilé ọkùnrin náà hàn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.